Oògùn ẹ̀jẹ̀ fáwọn ọmọ sùkúùlù wa: ẹ gbà wá nímọ̀ràn ká tó bẹ̀rẹ̀

Alága SBMC

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, ẹni tó bá mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ kó bá wa dá sí i. Sùkúùlù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni tiwa, eréko la wà, lápá odò Ọ̀yàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, èmi ni alága SBMC ibẹ̀, kọmití àwọn òbí àtàwọn ará ìlú tó ń bá sùkúùlù bójú tó nǹkan. Ó ti pẹ́ táwọn tíṣà ti ń sọ pé ara àwọn ọmọ yìí ò yá gágá, wọn á jókòó dáadáa láàárọ̀, kó tó di aago mẹ́wàá àwọn kan ti gbórí lé dẹ́ẹ̀sì, wọ́n ti sùn lọ, tí wọ́n bá sì ní kí wọ́n sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan péré wọn á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọbìnrin kan wà ní Pírámárì 4 tó máa ń ṣa èéfọ́ ṣọ́ọ̀kì lábẹ́ bọ́ọ̀dù, á fi sápò, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi jáde. Tíṣà ẹ̀ fa abẹ́ ojú ẹ̀ wálẹ̀ wò, inú ẹ̀ funfun, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ náà funfun. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá ẹ̀, ìyá ní ìrẹsì gbígbẹ ló máa ń bù jẹ nílé.

Nígbà tá a ṣe mítìn, àwọn kan dá a lábàá pé ká ra oògùn ẹ̀jẹ̀, ká máa fún gbogbo ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ ìlú wa kan tó wà l'Ékòó ti ní òun á sanwó ẹ̀. Inú mi dùn sí i, àmọ́ oògùn loògùn ń jẹ́, ọmọ ọlọ́mọ sì ni, mi ò fẹ́ ká kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pín in bí ẹní pín bisikíìtì. Ṣé ó dáa? Báwo la ṣe máa ṣe é? Ta ló yẹ ká kọ́kọ́ lọ bá?

Nọ́ọ̀sì PHC

Alága, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á máa tì yín lẹ́yìn. Sẹ́ńtà ìlera ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ọmọbìnrin yẹn: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án nítorí ṣọ́ọ̀kì. Ọmọ tó ń jẹ ṣọ́ọ̀kì, tó ń jẹ ìrẹsì gbígbẹ, tó ń jẹ iyẹ̀pẹ̀, àìtó áyọ́ọ̀nù (iron) lára ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀. Áyọ́ọ̀nù yìí ni ara fi ń ṣe nǹkan pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé atẹ́gùn kiri, tí ò bá tó, atẹ́gùn tó ń dé ọpọlọ ò ní tó, èyí tó ń dé ẹsẹ̀ náà ò ní tó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sùn ní kíláàsì tí wọ́n sì ń mí hẹlẹ lórí pápá. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ rárá.

Oògùn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ sọ yẹn dáa, àjọ ìlera àgbáyé WHO fọwọ́ sí i fáwọn ọmọ ọdún 5 sí 12 níbi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá ti tó lára ọmọ 20 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Áyọ́ọ̀nù 45 mg lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ lò ó fóṣù mẹ́ta, ẹ sinmi fóṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Níbi tó bá burú gan-an, tó ti di 40 nínú 100 sókè, wọ́n ní wọ́n lè fún wọn lójoojúmọ́, 30 sí 60 mg, fóṣù mẹ́ta léra nínú ọdún. Ní Nàìjíríà níbí, NDHS, ìwádìí ìlera gbogbo orílẹ̀-èdè ti 2018, rí i pé nínú ọmọ 100 tó wà láàárín oṣù 6 sí oṣù 59, 68 ni ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó, àwọn yẹn náà ló sì ń dàgbà wọ sùkúùlù. Tèmi o, ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Kì í fi bẹ́ẹ̀ da inú wọn rú, kì í sú tíṣà, sùkúùlù wo ló tiẹ̀ lè máa ka hóró oògùn fún gbogbo ọmọ láràárọ̀ tí ò ní kú síbì kan.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ìdènà nìyẹn, kì í ṣe ìtọ́jú. Ọmọ tí ojú ẹ̀ ti funfun báyìí, ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Fún ọmọ ọdún 5 sí 11, tí Hb (ìwọ̀n nǹkan pupa inú ẹ̀jẹ̀) ò bá tó 11.5 g/dL, ẹ̀jẹ̀ ò tó nìyẹn, tó bá jẹ́ PCV (ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀) ni wọ́n ṣe, tí kò bá tó 34. Tí ọmọ bá ń mí sókè-sókè níbi tó jókòó sí, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, tàbí tó ń dákú, ọsibítù ńlá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró de ọjọ́ oògùn kankan.

Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Apá Ọ̀yàn tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, ṣé àwọn ọmọ máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò? Ṣé àwọn kan nínú wọn máa ń tọ ẹ̀jẹ̀?

Alága SBMC

Nọ́ọ̀sì, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an lẹ fọwọ́ bà yẹn. Odò ni wọ́n ń gbà lọ tí wọ́n bá ti jáde, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọnmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré. Títọ ẹ̀jẹ̀ ò tiẹ̀ jọ àwọn ọmọkùnrin lójú mọ́, àwọn kan ní ó túmọ̀ sí pé àwọn ti ń dàgbà ni.

Nọ́ọ̀sì PHC

Àtọ̀sí ajá ni. Agbègbè ìdídò Ọ̀yàn wà lára ibi tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn jù nílẹ̀ Yorùbá, ó ti pẹ́ táwọn olùwádìí ti ń kọ nípa ẹ̀. Ìgbín kéékèèké inú odò ló ń gbé kòkòrò ẹ̀, kòkòrò yẹn á gba awọ ara ọmọ wọlé nígbà tó ń wẹ̀, á wá lọ jókòó sí apá ibi tí ìtọ̀ ń gbà, ẹ̀jẹ̀ á máa jò lọ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, lọ́dọọdún. Aràn kan tún wà tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé fún ọmọ tí ò wọ bàtà, ìfun lòun ń lẹ̀ mọ́, á máa mu ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí aràn ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, tó tún ń tọ ẹ̀jẹ̀, tẹ́ ẹ wá ń fún lóògùn ẹ̀jẹ̀ nìkan, omi lẹ̀ ń fi agbọ̀n gbé.

Nítorí náà, oògùn aràn àti ti àtọ̀sí ajá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ti aràn, albendazole 400 mg ni, hóró kan péré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ á jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ti àtọ̀sí ajá, praziquantel ni, òun ò ní iye kan fún gbogbo ọmọ, ìdí nìyẹn táwọn tó ń pín in fi máa ń gbé igi gbọọrọ kan dání, wọ́n á ní kí ọmọ dúró tì í, ibi tí orí ẹ̀ bá dé lára igi ni wọ́n á fi mọ iye hóró tó máa gbé mì. Ọ̀fẹ́ nìjọba ń pín méjèèjì ní sùkúùlù láwọn àgbègbè tó ti pọ̀. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ yín kẹ́yìn, ìgbà wo ni wọ́n tún ń bọ̀. Tí wọ́n bá lè wá kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ọ̀tà

Ẹ má bínú o, èmi ò ní fẹ́ kí wọ́n fún ọmọ mi lóògùn kankan ní sùkúùlù tí mi ò mọ̀ sí i. Àwọn kan á ní ìmọ̀ wa ò tó ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá lẹ̀rù ń bà. Ohun kan tún wà tí mo gbọ́, wọ́n ní oògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé ibà dìde lára ọmọ. Ṣé òótọ́ ni àbí àhesọ?

Nọ́ọ̀sì PHC

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè, kì í ṣe àhesọ pátápátá. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní erékùṣù Pemba lápá Zanzibar, ní Tanzania, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2006. Àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń fún ní áyọ́ọ̀nù àti folic (fítámì kan tó wúlò fún ẹ̀jẹ̀) lójoojúmọ́, ibi tí ibà ti pọ̀ gan-an ni, wọ́n wá rí i pé àwọn tó ń lò ó ń wọ ọsibítù, wọ́n sì ń kú, ju àwọn tí ò lò ó lọ. Wọ́n dá a dúró. Kòkòrò ibà náà fẹ́ràn áyọ́ọ̀nù, ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn.

Ohun tí wọ́n rí látìgbà yẹn ni pé tí wọ́n bá ń dènà ibà, tí wọ́n sì ń tètè wò ó tó bá dé, ewu yẹn ò sí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí WHO fi sọ pé níbi tí ibà bá wà, ẹ má ya oògùn ẹ̀jẹ̀ kúrò lára iṣẹ́ ibà. Ní sùkúùlù, bó ṣe máa rí nìyí: ọmọ tára ẹ̀ bá gbóná lọ́jọ́ oògùn, kò ní gbé e mì, wọ́n á rán an lọ síbi tí wọ́n á ti gún ìka ẹ̀ yẹ ibà wò, tó bá jẹ́ ibà, kó lo oògùn ibà parí ná. Kí tíṣà sì máa béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé ṣé abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sùn lálẹ́ àná. Sẹ́ńtà tí ò ní ohun tí wọ́n fi ń yẹ ibà wò tí ò sì ní oògùn ibà nílẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ní sùkúùlù tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ibi tí mo dúró sí gbọin-gbọin nìyẹn.

Hẹ́ẹ̀dímásítà tó ti fẹ̀yìn tì

Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Ẹ rántí 2017, nígbà tí wọ́n gbé e kiri pé àwọn sójà ń lọ káàkiri sùkúùlù, wọ́n ń fún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ tó ń fa mọ́ńkípọ́ọ̀sì. Apá ìlà oòrùn ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn òbí ń fò gba fẹ́ǹsì wọlé, wọ́n ń gbọ́mọ wọn. Irọ́ ni. Àmọ́ irọ́ yẹn rí ẹsẹ̀ rìn nítorí pé kò sẹ́ni tó ti jókòó ti àwọn òbí ṣàlàyé ohunkóhun fún wọn tẹ́lẹ̀.

Alága, ohun tí mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ pe ìpàdé òbí, kì í ṣe lẹ́tà tí wọ́n ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ báàgì ló ń sùn. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ẹ pe báálẹ̀, ẹ pe ìmáàmù, ẹ pe pásítọ̀, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ mú hóró oògùn náà dání kí gbogbo èèyàn rí i, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́, kí wọ́n yí i wò. Ẹni tó bá ní wọ́n fẹ́ fi fètò sọ́mọ bíbí àwọn ọmọbìnrin, ẹ má bú u, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì sọ fún un pé irú oògùn tí wọ́n ń fún ìyá ẹ̀ ní àǹtẹ́nétà nígbà tó lóyún ẹ̀ náà ni. Mo ti rí àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ yẹn mú inú ẹ̀ rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà kí òbí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ síwèé, ẹni tí ò bá mọ̀wé kọ kó tẹ̀ka. Ẹni tó bá ní rárá, kí wọ́n fi ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ láìsí wàhálà. Tó bá rí i táwọn ọmọ yòókù ń lò ó tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n, á padà wá.

Ètò ìlera sùkúùlù ò sì jẹ́ tuntun ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìwé ìlànà ẹ̀ jáde láti 2006. Ẹ jẹ́ kí hẹ́ẹ̀dì yín kọ̀wé sí Akọ̀wé Ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín àti SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó sùkúùlù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú kọ́pì lẹ́tà náà pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á. Tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ tẹ́ ò ní ìwé kankan lọ́wọ́, ẹ̀yin nìkan lẹ máa dá dúró.

Apoògùn Ìbàdàn

Ẹ dákun, ẹ sọ fún ọmọ ìlú yín tó wà l'Ékòó kó má tíì ra nǹkan kan. Iye tí wọ́n kọ sára páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni iye áyọ́ọ̀nù tó wà nínú ẹ̀. Hóró ferrous sulphate tí wọ́n kọ 200 mg sí lára, áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀ gan-an tó nǹkan bí 65 mg. Ferrous gluconate tí wọ́n kọ 300 mg sí, òun ò ju nǹkan bí 35 mg lọ. Ẹ ò rí i pé èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ tóbi jù ló kéré jù. Ohun tí WHO ní fáwọn ọmọ yín ni 45 mg áyọ́ọ̀nù gan-an, irú hóró bẹ́ẹ̀ sì wà tí wọ́n ṣe fáwọn ọmọ sùkúùlù, folic ti wà nínú ẹ̀. Ní Íńdíà, píǹkì ni wọ́n kun tàwọn ọmọ ọdún 5 sí 9, búlúù ni tàwọn ọmọ ọdún 10 sí 19, kó má baà dàrú mọ́ tíṣà lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka ìlera sọ èyí tẹ́ ẹ máa lò, kẹ́ ẹ wá rà á lọ́wọ́ ẹni tó ní láísẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ yẹ nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi inú ìgò, ẹ fi sílẹ̀ fún ilé, kò ṣeé wọ̀n fún ogunlọ́gọ̀ ọmọ, ó sì ń jẹ́ kí eyín dúdú.

Ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo yín kà dáadáa rèé. Áyọ́ọ̀nù ń pa ọmọdé tó bá jẹ ẹ́ jù. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ọ̀pọ̀ hóró ẹ̀ pupa, ó ń dán, ṣúgà wà lára ẹ̀, ọmọ ọdún méjì tó bá rí i á rò pé súùtì ni, á kó o jẹ. Nítorí náà kò gbọ́dọ̀ sí ọmọ kankan tó máa mú hóró oògùn lọ sílé, kò gbọ́dọ̀ sí "gba ti àbúrò ẹ náà dání". Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ kó o sí, ní ọ́fíìsì hẹ́ẹ̀dì, níbi tí oòrùn ò dé tí òjò ò sì ń jò sí, kẹ́ ẹ dé e pinpin, tí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́ ó ti bàjẹ́.

Tí ọmọ bá wá ṣèèṣì kó o jẹ, á máa bì, inú á máa run ún, ó lè yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má fi mílíìkì ṣeré, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ gbé òun àti ike oògùn náà lọ ọsibítù kíákíá. Ó lè dà bíi pé ara ẹ̀ ti balẹ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín, ìgbà yẹn gan-an ló lè máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ nínú.

Ìyá ọmọ SS

Mo ń ka gbogbo èyí, ọkàn mi ò balẹ̀ títí dìgbà tí mo kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ wa tó jẹ́ SS. Ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà ò tó, ojú tiwọn náà funfun, àmọ́ kì í ṣe àìsí áyọ́ọ̀nù ló fà á, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wọn ló ń tètè fọ́. Folic ni wọ́n ń fún ọmọ mi ní kílíníìkì lójoojúmọ́. Ọmọ tí wọ́n bá ti ń fún lẹ́jẹ̀ déédéé, áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ń pọ̀ sí i lára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tún fi kún un ẹ̀ ń dá kún wàhálà ẹ̀ ni. Àfi tí dókítà bá yẹ ẹ́ wò tó rí i pé áyọ́ọ̀nù ò tó lóòótọ́.

Kẹ́ ẹ fi sínú ìwé táwọn òbí máa fọwọ́ sí: ṣé ọmọ yìí jẹ́ SS tàbí SC? Ṣé wọ́n ti fún un lẹ́jẹ̀ rí? Ṣé oògùn kan wà tó ń lò? Àmọ́ ẹ fi í ṣe bòókẹ́lẹ́. Ní sùkúùlù kan tọ́mọ mi lọ tẹ́lẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín nǹkan, tíṣà pariwo níwájú gbogbo kíláàsì pé "ìwọ jókòó, ìwọ ní àrùn ẹ̀jẹ̀." Látìgbà yẹn wọn ò bá a ṣeré mọ́, ó ń sunkún láti lọ sí sùkúùlù. Ẹ fi àmì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn nínú rẹ́jísítà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù, tó bá kàn wọ́n kẹ́ ẹ fún wọn ní folic wọn tí òbí ti fi ránṣẹ́. Wọ́n gba nǹkan, wọ́n mu omi, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Tamale

Ẹ kú ìjíròrò o. Tamale ní Gánà ni wọ́n bí mi sí, àwọn bàbá wa ló wá ṣòwò síbí. Irú ẹ̀ wà níbí, GIFTS ni wọ́n ń pè é, 2017 ló bẹ̀rẹ̀, agbègbè Northern tiwa wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e dé. Tiwa, àwọn ọmọbìnrin ọdún 10 sí 19 ló wà fún, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, áyọ́ọ̀nù àti folic nínú hóró kan. Àwọn tó ń lọ sùkúùlù, tíṣà ló ń fún wọn, àwọn tí ò lọ sùkúùlù á lọ gbà á ní sẹ́ńtà ìlera. Alága, tẹ́ ẹ bá ní àwọn ọmọbìnrin tó ti ń ṣe nǹkan oṣù lọ́dọ̀ yín, kódà ní Pírámárì 6 wọ́n máa ń wà, tiwọn yàtọ̀, 60 mg lọ́sẹ̀ ni WHO kọ fún wọn pẹ̀lú folic 2.8 mg, ẹ bi nọ́ọ̀sì yín.

Ohun tí mo rí pé ó mú kó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ni pé wọn kì í kó oògùn fún wọn lọ sílé. Ojú tíṣà ni wọ́n á ti gbé e mì, lẹ́yìn oúnjẹ, á wọlé sí rẹ́jísítà lójú ẹsẹ̀. Tíṣà tó bá kọ́kọ́ gbé tiẹ̀ mì níwájú wọn, àwọn ọmọ á tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́. Omi nìṣòro. Tí kò bá sí omi mímu nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ẹ̀ dàrú nìyẹn, nítorí náà kẹ́ ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé ike omi ẹ̀ wá.

Màmá Olóúnjẹ

Ọ̀ṣun ni mo ti ń se oúnjẹ sùkúùlù, látìgbà O-Meals, ètò oúnjẹ sùkúùlù ìpínlẹ̀ wa, ní 2012. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé oògùn ò ní gba iṣẹ́ ìkòkò. Tẹ́ ẹ bá fún ọmọ lóògùn lórí inú òfìfo, á bì í, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á sá. Lẹ́yìn oúnjẹ bíréèkì ni kẹ́ ẹ ṣe é. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ ìjọba, kì í ṣe gbogbo kíláàsì ló ń kàn, àwọn tí kò kàn ń kó owó wá ni tàbí kí wọ́n má jẹ rárá, ẹ rò wọ́n mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ oògùn, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀wà àti ẹja, kí ọmọ sì jẹ ọsàn kan tàbí ìbẹ́pẹ lé e, nǹkan kíkan inú ọsàn yẹn ló ń jẹ́ kí ara gba áyọ́ọ̀nù. Tíì kòkó tó ní mílíìkì tí wọ́n ń mu láàárọ̀, kó má sún mọ́ ìgbà oògùn, tíì ewé tún burú jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ ìyá gbà pé móòtì àti mílíìkì ló ń fún ọmọ lẹ́jẹ̀. Ẹ ò bá fi owó yẹn ra ẹ̀dọ̀ màlúù díẹ̀ tàbí panla, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ̀, ìyẹn lẹ́jẹ̀ gan-an. Egungun ẹja ni wọ́n máa ń gbé fọ́mọ tí bàbá á jẹ ara ẹja. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kọ́mọ jẹ ara ẹja.

Ìyá Elégbòogi

Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba pòròporo ọkà bàbà. Òun làwọn ìyá wa ń sè fún aláboyún àti ọmọ tó bá funfun, omi ẹ̀ pupa dòò. Kí wọ́n sè é sínú kúlà ńlá fáwọn ọmọ, kò ná wọn lówó.

Nọ́ọ̀sì PHC

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Nílé, tí ìyá bá fún ọmọ ẹ̀ mu níwọ̀nba, mi ò ní bá a jà. Àmọ́ ní sùkúùlù, mi ò lè mọ iye áyọ́ọ̀nù tó wà nínú ife kan, èyí tí wọ́n sè lónìí á ki ju ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ, mi ò sì mọ omi tí wọ́n fi sè é. Ọmọ ọlọ́mọ ni, ohun tá a mọ ìwọ̀n ẹ̀ ni ká fún wọn.

Alága SBMC

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún kọmití, a tún un kà. Ohun tá a fẹnu kò sí ni pé hẹ́ẹ̀dì á kọ lẹ́tà lọ́sẹ̀ yìí, èmi àti akọ̀wé á lọ sí ẹ̀ka ìlera fúnra wa nítorí oògùn aràn àti ti àtọ̀sí ajá, ìpàdé òbí á tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin oníṣọ́ọ̀kì yẹn, ìyá ẹ̀ ti gbé e lọ fún àyẹ̀wò, PCV ẹ̀ 26, wọ́n ti fún un lóògùn tiẹ̀, wọ́n sì bá aràn níbẹ̀. Ọmọ ìlú wa l'Ékòó gbà láti dúró, ó tiẹ̀ ní owó tóun fẹ́ fi ra oògùn tẹ́lẹ̀, tí ìjọba bá pèsè oògùn, ká fi tún kànga sùkúùlù ṣe káwọn ọmọ yé lọ pọnmi lódò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín látọkànwá.

Ìbéèrè tó kù rèé, nọ́ọ̀sì: ọmọ tó bá pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ ńkọ́? Tí wọ́n bá wá gba họ́ọ̀lídè? Àwọn òbí kan sì ti ń sọ pé ìgbẹ́ ọmọ tó ń lò ó máa ń dúdú.

Nọ́ọ̀sì PHC

Ìgbẹ́ dúdú ò ṣe nǹkan kan, áyọ́ọ̀nù tí ara ò gbà ló ń jáde, ẹ sọ ọ́ fún wọn ní ìpàdé kó tó ṣẹlẹ̀. Inú lè run ọmọ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, tàbí kí ìgbẹ́ le, omi àti èso á yanjú ẹ̀. Tó bá ń bì lemọ́lemọ́ tàbí tára ẹ̀ yún, ẹ dá a dúró kẹ́ ẹ mú un wá.

Ti họ́ọ̀lídè, táámù kan tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì táámù, á bá a mu. Táámù tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ fi sinmi, kẹ́ ẹ jẹ́ ká tún yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ díẹ̀ wò nígbà yẹn.

Ọmọ tó bá pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, hóró kan náà ni kẹ́ ẹ fún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má fún un ní méjì o, bí ìyá ẹ̀ tiẹ̀ bẹ̀ yín.